Aláǹtakùn, ejò, erin àti ọdẹ tó yọ ojú rẹ̀: ta ló mọ ìtàn Srikalahasti dáadáa?

#1 Arìnrìnàjò_Kékeré

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Chennai ni mo wà báyìí, màmá mi ni mo tẹ̀lé wá ṣe ìtọ́jú ìbàdí. Nígbà tí wọ́n ní kí màmá sinmi díẹ̀, awakọ̀ tó ń gbé wa káàkiri ní kí n wá wo Srikalahasti, tẹ́ńpìlì Shiva, òrìṣà ńlá kan nínú ẹ̀sìn Híńdù, létí odò Swarnamukhi, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀.

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní orúkọ ẹranko mẹ́ta ló para pọ̀ di orúkọ ibẹ̀: Sri ni aláǹtakùn, Kala ni ejò, Hasti ni erin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sin Shiva nínú igbó, níwájú òkúta tí wọ́n ń pè ní linga, tí í ṣe àmì Shiva. Aláǹtakùn ń ta òwú bo òkúta náà kí eruku má baà bà lé e. Ejò ń gbé òkúta iyebíye wá láti abẹ́ ilẹ̀, ó ń tò ó sórí rẹ̀. Erin ní tirẹ̀ ń fi ọwọ́jà fa omi odò, ó ń fi wẹ linga, ó sì ń já ewé bilva lé e lórí.

Ọ̀dọ̀ ejò àti erin ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí erin bá dé, tó bá òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀, á ní ta ló da ìdọ̀tí síbí, á fi omi gbá a dànù. Bí ejò bá padà dé, tó bá ewé tútù níbi tó to ohun ẹ̀ṣọ́ sí, inú rẹ̀ á ru. Ó ṣe títí, ejò lọ lúgọ sábẹ́ ewé. Bí erin ṣe na ọwọ́jà báyìí, ejò kó sínú rẹ̀, ó gùn ún dé orí. Oró yẹn pọ̀ lára erin, ó forí sọ òkúta. Òun kú, ejò náà kú. Shiva gba àwọn méjèèjì sọ́dọ̀.

Aláǹtakùn wá ńkọ́? Awakọ̀ ní iná fìtílà ló jó òwú rẹ̀, ló bá bínú, ó fẹ́ gbé iná náà mì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Obìnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́nu ọ̀nà ní irọ́ ni, erin ló fa òwú rẹ̀ ya. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n wọ ìjà lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi dá sí i.

#2 Bàbá_Àkọsílẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ọmọ mi. Ara wọn á yá.

Ká tó dórí aláǹtakùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ibẹ̀ fi lókìkí. Tẹ́ńpìlì márùn-ún ni àwọn ẹlẹ́sìn Shiva ní gúúsù Íńdíà yà sọ́tọ̀ fún ohun márùn-ún tí ayé fi dúró. Ilẹ̀ wà ní Kanchipuram, omi ní Thiruvanaikaval, iná ní Tiruvannamalai, òfuurufú ní Chidambaram. Afẹ́fẹ́ ni ti Srikalahasti. Tamil Nadu ni mẹ́rin yòókù wà, òun nìkan ló bọ́ sí Andhra Pradesh.

Afẹ́fẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Vayu, òrìṣà afẹ́fẹ́, àti Adisesha, ejò ńlá tí Vishnu, òrìṣà ńlá míì, ń sùn lé, ń jiyàn ta ló lágbára jù. Adisesha wé ara mọ́ òkè Shiva, ó ní kí Vayu fẹ́ ẹ kúrò tó bá lè ṣe é. Vayu fẹ́, ó fẹ́, àwọn àpáta já kúrò lára òkè náà, wọ́n fò lọ sí gúúsù. Wọ́n ní ọ̀kan bọ́ sí Tiruchirappalli, ọ̀kan sí Trincomalee ní Sri Lanka, ọ̀kan sì ni òkè Kalahasti. Kailasa ni òkè tí Shiva ń gbé, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pe tiwọn ní Kailasa ti gúúsù.

Ìtàn míì tún wà pé Vayu jókòó síbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ó ń tọrọ. Ìyẹn ò dùn tó ti ìjà.

#3 Gbẹ̀mí_Ń_Wò

Mo ti jókòó. Ta ló ní ẹ̀pà lọ́wọ́?

#4 Tọlá_Trichy

Ẹ̀gbọ́n Arìnrìnàjò, nínú awakọ̀ yín àti olódòdó, kò sẹ́ni tó purọ́. Tiruchirappalli ni mo ti kàwé, Thiruvanaikaval tí bàbá ń sọ ò jìnnà síbẹ̀. Àwọn náà láwọn ni wọ́n ni aláǹtakùn yẹn!

Ìtàn tiwọn nìyí. Àwọn ẹmẹ̀wà Shiva méjì, Malyavan àti Pushpadanta, ń jowú ara wọn nítorí ta ló ń sìn ín jù. Wọ́n gégùn-ún fún ara wọn, ọ̀kan di aláǹtakùn, ọ̀kan di erin. Abẹ́ igi jambu kan ni linga wà níbẹ̀. Aláǹtakùn ń ta òwú sókè rẹ̀ kí ewé gbígbẹ má baà já lé e. Erin á dé pẹ̀lú omi, á rí òwú, á ní irú jàǹkárìwọ̀ wo lèyí, á fà á ya. Aláǹtakùn tún un ta, erin tún un ya. Nígbà tó sú u, aláǹtakùn wọ ọwọ́jà erin, ó bù ú jẹ, àwọn méjèèjì kú.

Ẹ wá wo ibi tí Srikalahasti ti yàtọ̀. Níbẹ̀, ejò ló wọ ọwọ́jà, aláǹtakùn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní Thiruvanaikaval, kò sí ejò rárá. Olódòdó yẹn lè jẹ́ ọmọ Tamil Nadu, tó jẹ́ pé ti ilé rẹ̀ ló gbé wá sọ́jà.

Mi ò tíì parí o. Aláǹtakùn yẹn tún ayé wá, ó di ọba Chola, ìdílé ọba ilẹ̀ Tamil láyé àtijọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, àwọn awòràwọ̀ ní bí ọmọ náà bá lè dúró díẹ̀ sí i kó tó jáde, ọba ńlá ni yóò jẹ́. Ìyá ní kí wọ́n gbé òun kọ́ sókè, kí orí òun wà nísàlẹ̀, títí àsìkò fi pé. Ìgbà tí ọmọ jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n kuku. Kochengat Chola ni wọ́n ń pè é, ọba ojú-pípọ́n. Ó kọ́ tẹ́ńpìlì púpọ̀ fún Shiva, orí pèpéle gíga ló kọ́ wọn sí, àtẹ̀gùn tóóró ni èèyàn fi ń gòkè, kí erin kankan má baà lè wọlé. Ó kú, ó tún wáyé, ó jọba, kò sì gbàgbé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́!

#5 Gbẹ̀mí_Ń_Wò

Ọba tó di kèéta erin sọ́kàn títí dé ayé kejì 😂 Irú èyí ni mo fi ń wá síbí.

#6 Ìyá_Ayọ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọlẹ́yìn Jésù ni mí, mo sì mọ̀ pé ìtàn lẹ̀ ń sọ. Àmọ́ ohun tí kò yé mi ni pé ejò àti erin ń jà níwájú òkúta, òkúta ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kú. Irú ọlọ́run wo ló ń wòran bẹ́ẹ̀?

#7 Alábòójútó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè Ìyá Ayọ̀ ò burú, ẹ dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ẹ̀sìn ta ló dára jù ni mi ò fẹ́ rí níbí.

#8 AkínỌdẹ

Mo gbọ́ pé ọdẹ kan wà nínú ìtàn tẹ́ńpìlì yẹn, kò sì sẹ́ni tó tíì dárúkọ rẹ̀. Ẹ fi erin sílẹ̀ ná. Ọdẹ ni mo bá wá.

#9 Bàbá_Àkọsílẹ̀

Akin, mo mọ̀ pé wàá béèrè. Mú àga, ó gùn díẹ̀. Bí Sekkizhar ṣe kọ ọ́ lédè Tamil ní ọ̀rúndún kejìlá, nínú ìwé Periya Puranam, ni mo máa tẹ̀lé. Ìtàn àwọn ẹni mímọ́ Shiva 63 ló wà nínú ìwé náà, ọdẹ yìí sì wà lára wọn.

Thinnan lorúkọ tí bàbá rẹ̀, Nagan, olórí àwọn ọdẹ, sọ ọ́. Nígbà tí bàbá darúgbó, Thinnan ló ṣíwájú àwọn ọdẹ wọgbó. Ìmàdò kan já mọ́ wọn lọ́wọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Nanan àti Kadan, lé e títí wọ́n fi pa á. Òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n wá omi dé odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkè Kalahasti, tí Nanan fi ní òrìṣà kan wà lórí rẹ̀.

Thinnan gòkè. Bó ṣe fojú kan linga, ó dì mọ́ ọn, ẹkún gbà á. Ó ní, ìwọ nìkan nínú igbó ẹranko báyìí? Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ? Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìmàdò tí wọ́n ti ń sun. Ó ń tọ́ ẹran náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó dùn ló kó sínú ewé, èyí tí kò dùn ló tu dànù. Ọrun ń bẹ lọ́wọ́ kan, ẹran lọ́wọ́ kejì. Níbo ni yóò gbé omi sí? Ó pọn ọ́n sẹ́nu. Níbo ni yóò gbé òdòdó sí? Ó fi há irun orí. Nígbà tó débẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi gbá òdòdó tó wà lórí linga kúrò, ó tu omi ẹnu rẹ̀ sí i láti fi wẹ̀ ẹ́, ó gbé ẹran síwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ó fi ọrun àti ọfà ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bó bá ti wọgbó láàárọ̀ ni Sivakochariyar á dé. Brahmin ni, ìran àwọn àwòrò, òun ni àwòrò ibẹ̀, kò sì jẹ́ fọwọ́ kan ẹran. Á bá egungun àti ọ̀rá lójúbọ, á lọgun, á gbá ibẹ̀ mọ́, á lọ wẹ̀, á tún gbogbo ètò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá lọ tán, Thinnan á dé, á tún fi ẹsẹ̀ gbá òdòdó. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, wọn ò fojú kan ara wọn. Ní òru ọjọ́ karùn-ún, Shiva yọ sí àwòrò lójú àlá, ó ní kó fara pamọ́ lọ́la kó wo ẹni náà.

Lọ́jọ́ kẹfà, Thinnan bá ojú ọ̀tún linga tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó sáré kiri wá ẹni tó ta á lọ́fà, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó já ewé, ó fún un sí i, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ló bá rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ẹran ara la fi ń wo ẹran ara. Ó fi ọfà yọ ojú ọ̀tún ara rẹ̀, ó fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ibi tó ti ń jó ni ojú òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Kò já a láyà, ó ti mọ oògùn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló rò: tóun bá yọ ojú kejì, òun ò ní rí ibi tóun máa fi sí mọ́. Ó wá gbé ẹsẹ̀ òsì lé ojú òrìṣà kó lè fi mọ ọ̀gangan, ó gbé ọfà sójú ara rẹ̀. Ọwọ́ kan yọ láti inú linga, ó dì í mú: dúró, Kannappa! Ẹ̀ẹ̀mẹta lohùn náà pè é. Kan ni ojú ní èdè Tamil, orúkọ tó ń jẹ́ di òní nìyẹn.

Ojúbọ Kannappa wà lórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì ńlá.

#10 AkínỌdẹ

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, ti ẹsẹ̀ ló mú mi. Ẹni tó bá ń ṣe àṣehàn ò ní rántí pé òun ò ní rí ibi tóun ń fi ojú kejì sí. Ọdẹ lẹni tó ronú bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ṣọ́ ọ mọ́jú náà, iṣẹ́ wa nìyẹn. Kò mọ ọ̀fọ̀ kan, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe.

#11 Tọlá_Trichy

Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní ọdẹ yìí ti wáyé rí! Arjuna tafàtafà inú Mahabharata, ìtàn ogun ńlá àwọn ará Íńdíà, ni wọ́n ní ó jẹ́. Arjuna àti ọdẹ kan jà nínú igbó nítorí ìmàdò kan, kálukú ní ọfà òun ló pa á. Kò mọ̀ pé Shiva ló para dà di ọdẹ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ó tún padà wá di ọdẹ fúnra rẹ̀, tí ìmàdò sì tún mú un dé ọ̀dọ̀ Shiva.

#12 Ìyá_Ayọ̀

Ti ọdẹ yìí wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi dá a dúró nígbà tó fẹ́ yọ ojú àkọ́kọ́? Ọmọ ẹni ò ní fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ kí a dúró wò ó ná, ká tó wá sọ pé ó tó.

#13 Bàbá_Àkọsílẹ̀

Ìyá Ayọ̀, àwọn tó ń sọ ìtàn yìí á ní àwòrò ni wọ́n ń fi ìran yẹn hàn. Shiva ti mọ Thinnan, Sivakochariyar tó fara pamọ́ ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

#14 Ìyá_Ayọ̀

Ojú ẹlòmíì ni wọ́n wá fi kọ́ àwòrò lẹ́kọ̀ọ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn o, bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

#15 Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Mo kà á látòkè délẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni mo rí i pé ìtàn kan náà la ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Erin pe òkúta iyebíye ejò ní ìdọ̀tí. Ejò ka ewé erin sí àfojúdi. Àwòrò ní ẹran Thinnan ti ba ojúbọ jẹ́, Thinnan sì ń fi ẹsẹ̀ gbá òdòdó àwòrò dànù. Kálukú ń tún ibẹ̀ ṣe ni, ohun tó sì ń gbá sígbó ni ọrẹ ẹlòmíì. Tọlá, ti aláǹtakùn yín ní Thiruvanaikaval náà ò yàtọ̀.

Àwọn ẹranko bá ara wọn fà á, wọ́n kú. Àwòrò ló rí ẹni tó sọ fún un pé, sá pamọ́, kó o wò ó dáadáa kó o tó pariwo. Lójú tèmi, ẹni tó kó ìtàn méjèèjì pọ̀ sí ojúbọ kan mọ ohun tó ń ṣe.

#16 Bàbá_Àkọsílẹ̀

Àbẹ̀kẹ́, o rí i dáadáa, àmọ́ n kò gbà pé ẹnì kan ló kó wọn pọ̀. Láti ọ̀rúndún keje ni àwọn akọrin mímọ́ Tamil, Appar àti Sambandar, ti kọrin nípa Kannappa ní Kalahasti. Nígbà tó yá, àwọn tó ń sọ Telugu, èdè Andhra Pradesh, náà sọ ọ́ di tiwọn. Dhurjati, akéwì ààfin ọba Krishnadevaraya, kọ ewì ńlá sórí òrìṣà Kalahasti ní èdè Telugu. Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ló tò ó bẹ́ẹ̀.

#17 Ẹnjiníà_Kò_Gbà

Mo ka ibì kan pé fìtílà kan wà ní ìsàlẹ̀ inú lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí fèrèsé, tí iná rẹ̀ ń mì láìdúró, tí wọ́n ní èémí Shiva ni. Ẹ̀yin ará, ilé tí fìtílà púpọ̀ ń jó nínú rẹ̀, tí èrò ń wọlé ń jáde, ooru á gbé afẹ́fẹ́ lọ sókè, òmíì á gba ẹnu ọ̀nà wọlé dípò rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ mì. Kò sí idán níbẹ̀.

#18 Tọlá_Trichy

Ẹnjiníà wa, ohun tí àwọn náà wí nìyẹn, pé afẹ́fẹ́ ń bẹ níbẹ̀ 😄

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni ti ọjọ́ tí òṣùpá bá bo oòrùn lójú. Tẹ́ńpìlì yòókù ló ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, èyí ń ṣí sílẹ̀. Rahu àti Ketu ló fà á. Nígbà tí àwọn òrìṣà ń mu omi àìkú, ẹ̀mí búburú kan jókòó sáàárín wọn, ó mu nínú rẹ̀. Oòrùn àti Òṣùpá tú u fó, Vishnu bẹ́ ẹ lórí. Omi ti dé ọ̀fun, kò lè kú mọ́: orí di Rahu, ara di Ketu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń lé Oòrùn àti Òṣùpá kiri, tí wọ́n bá bá wọn, wọ́n á gbé wọn mì. Ẹni tó bá gbà pé àwọn méjèèjì ń da ayé òun rú, tí kò rọ́mọ bí tàbí tí kò rẹ́ni fẹ́, Srikalahasti ló ń wá ṣètùtù. Èrò àwọn yẹn pọ̀ ju ti àwọn tó ń wá gbọ́ ìtàn ọdẹ lọ.

#19 Aláró_Ìtòkú

Èmi ò mọ̀ nípa Shiva, aṣọ ni mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Arìnrìnàjò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí kalamkari níbẹ̀? Ìlú yẹn gan-an lorísun rẹ̀. Ọ̀pá ọparun tí wọ́n fi òwú wé ni gègé wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ìtàn Ramayana àti Mahabharata sára aṣọ, tí wọ́n á fi kọ́ sí tẹ́ńpìlì. Àwọn ará Machilipatnam, tí wọ́n ń ṣe kalamkari bákan náà, igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ tiwọn.

Ohun tó wù mí níbẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú èso igi kan àti wàrà ẹfọ̀n kí àwọ̀ má baà tàn kiri. Irin ìpàǹtí àti ṣúgà ìrèké pupa ni wọ́n rẹ sómi di dúdú. Àwa tí à ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má baà mu ún níbẹ̀. Ibi tí àwa ń dí, ibẹ̀ gan-an làwọn ń kùn.

#20 Arìnrìnàjò_Kékeré

Mo rà á, ẹ̀gbọ́n Aláró. Erin, ejò àti aláǹtakùn ló wà lára rẹ̀. N óò fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín lábẹ́lẹ̀.

Bàbá, ilé gogoro ẹnu ọ̀nà tí mo rí jọ tuntun sí mi. Àwọn òpó gbọ̀ngàn ìta ló jọ pé ó pẹ́.

#21 Bàbá_Àkọsílẹ̀

Ojú rẹ mú. Rajendra Chola ló kọ́ apá ńlá nínú tẹ́ńpìlì náà ní ọ̀rúndún kọkànlá. Ní 1516, Krishnadevaraya ọba Vijayanagara kọ́ gbọ̀ngàn ọlọ́gọ́rùn-ún òpó àti ilé gogoro kan, gíga rẹ̀ tó mítà 37. Ilé gogoro yẹn sán, ó sì wó lulẹ̀ ní May 26, 2010. Wọ́n ti kó èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ ṣáájú, kò pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó o rí ni wọ́n kọ́ dípò rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2017.

#22 AkínỌdẹ

Kí n tó lọ, Arìnrìnàjò, ìwọ tó débẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá sun ìmàdò, tó gbé e lọ síwájú linga yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọlé?

#23 Arìnrìnàjò_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, kò jọ ọ́! Ewé, òdòdó, àgbọn, wàrà ni mo rí. Kò sẹ́ni tó lè gbé ẹran kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn àwòrò pàápàá kì í fọwọ́ kan linga yẹn.

#24 AkínỌdẹ

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ ní àwòrò fara pamọ́, ó wò, ó sì yé e. Ọdẹ ní ojúbọ lórí òkè, àmọ́ oúnjẹ rẹ̀ ò wọlé mọ́. Ta wá ni ìtàn yẹn dá láre?

#25 Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Akin, o ti fọ́ ọ mọ́ mi lójú. Mo ṣì ń rò ó.

#26 Ìyá_Ayọ̀

Akin, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìmàdò wọlé, kó mú ọfà tó máa fi yọ ojú dání pẹ̀lú. Bóyá wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un.

#27 AkínỌdẹ

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó jẹ ẹran mi nílé.